Ìjàpá Bàbá Mi Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Ó rẹ̀ mí. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn akíkanjú ni mo fẹ́ sọ. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni mo fi tún mọ́tò bàbá mi ṣe ní Kofar Marke, níbí nílùú Sókótó, títí dòní, tí mo bá na apá ọ̀tún sókè, èjìká mi á dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

Ìjàpá ni mọ́tò ọ̀hún, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí bùùtù àwọn ọkọ̀ yòókù máa ń wà. Òun ni bàbá mi fi gbé màmá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ búrẹ́dì. Lẹ́yìn tí bàbá kú, a tì í sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n kọ́, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ríbi sá aṣọ á kúkú sá a lé e lórí.

Èmi àti màmá nìkan là ń gbé ilé náà. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin nítorí ilé ìwé. Wẹ́dà ni mí. Géètì àti irin ojú wíńdò ni mo mọ̀ ọ́n ṣe; mi ò tún mọ́tò kankan ṣe rí.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó pè lórí fóònù, ó ní màmá ti dàgbà, kí wọ́n máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ òun, ó ṣe tán, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Màmá ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wojú wíńdò, wọ́n ní:

"Mo ti gbọ́. Mọ́tò tí bàbá yín fi gbé mi wá ló máa gbé mi padà. Ẹ lọ tún un ṣe."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí màmá ń wí?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àárò ilé ló ń sọ wọ́n, àti àárò bàbá. Àgbàlagbà obìnrin béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kí ni mo fẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ta ló máa bi mí bóyá mo ti jẹun? Ta ló máa bú mi tí mo bá pẹ́ níta? Ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọ́dọ̀ torí ìfẹ́ inú ara ẹ̀ dá ìyá ẹ̀ dúró sílùú onílùú. Bí mo ṣe di òmùgọ̀ nìyẹn o, tí mo ń fọwọ́ ara mi tún ohun tó máa gbé ìyá mi lọ ṣe.

Ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò náà tán. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbi dírẹ́bà, iyanrìn lẹ ó máa wò. Páànù ọkọ̀ sì tín-ín-rín; iná tí mo fi ń jó géètì á kàn lù ú já. Màá jó o, á lu, màá gé e kúrò, màá tún bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì kan tó jẹ́ Hausa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kofar Doya, ló bá mi wo ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí i, ẹyin méjì ló mú jáde, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Haba!" ló ní, ó sì fi Hausa sọ fún mi pé kí n lọ din ẹyin mi, kí n fi òkú sílẹ̀.

Mo ta kú. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ sí Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, lọ wá rọ́bà etí gíláàsì, lọ wá bíréèkì. Àwọn tó ń ta sípéà á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní ó ku ẹni tó máa bá mi wá a lọ́dọ̀ àwọn bàbá bàbá àwọn. Màá padà sílé nínú oòrùn pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, inú á máa bí mi sí gbogbo ayé.

Níbẹ̀rẹ̀, màmá máa ń gbé omi tútù wá fún mi lọ́sàn-án, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á máa wò mí. Nígbà tí iṣẹ́ náà di oṣù kẹfà, wọn ò gbé e wá mọ́. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo àdúgbò jáde, wọ́n ń fi Hausa kí mi kú iṣẹ́. "Sannu da aiki! Sannu da aiki!" Màmá ò jáde. Inú ilé ìdáná ni mo ti bá wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màmá, ó ti ṣiṣẹ́ o." Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ariwo ẹ̀." Ó dùn mí wọ inú egungun. Oṣù mọ́kànlá, kò sí o kú iṣẹ́ kan ṣoṣo!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, báàgì kékeré kan péré ni wọ́n gbé. Wọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di báàgì náà mú títí a fi dé Kofar Doya, níbi tí kẹ̀kẹ́ márúwá ti dí ọ̀nà pa. A dúró síbẹ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Kí lẹ fi ṣẹ̀ mí?"

"Mo ní mọ́tò bàbá yín ni kó gbé mi lọ torí mo mọ̀ pé mọ́tò ọ̀hún ti kú. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọmọ mi obìnrin pé mi ò wá sọ́dọ̀ ẹ̀? Ìwọ wá lọ jí i dìde. Mò ń wò ẹ́ lójoojúmọ́ nínú oòrùn, tó ò ń fi gbogbo agbára ẹ ṣe é. Mo ní háà, ọmọ tí mo bí ló ń lé mi lọ yìí."

Ọ̀nà ti là níwájú wa, mi ò sì lè wa mọ́tò. Onímárúwá tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ó ń bú mi. Mo gbé orí lé sítíárì. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, omijé ló jáde.

"Màmá, èmi náà ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ."

"O ò sì sọ."

"Ẹ̀yin náà ò sọ."

Wọ́n pòṣé. Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ti pọ́n.

"Ṣé èmi ni màá wá máa bẹ ọmọ mi pé kó jẹ́ kí n dúró nílé ọkọ mi?"