Onídìrí Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹni tó bá ní eré lásán ni eré tẹlifíṣọ̀n, kó wá bi Àṣàbí onídìrí ní Òkèrèwè, nílùú Ifẹ̀. Ojú obìnrin náà rí nǹkan. Látọjọ́ tó ti ń dirun níwájú ilé bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án rí. Eré ló kó bá a, eré tí kò ju kó jókòó kó máa dirun lọ.

Adébíyìí ló wá bẹ̀ ẹ́. Òun ló ń ṣe "Òkú Orí Àjà" tí wọ́n ń gbé jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ, tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná. Nínú eré náà, wọ́n bá oníṣòwò kan lókùú lórí àjà ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ya wèrè, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Adébíyìí ní òun ò fẹ́ òṣèré tí yóò máa fi ooyà ṣeré lórí olórí, ọwọ́ tó mọṣẹ́ lòun ń wá. Nígbà tí wọ́n yàwòrán tán ló kìlọ̀ fún Àṣàbí pé kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àṣàbí ṣèlérí.

Ní tiwa níbí, ẹni tó bá dirun fún èèyàn gbọ́dọ̀ ṣa irun tó já jọ, kó kó o lé olórí lọ́wọ́. Olórí ló máa mọ ibi tí yóò jù ú sí. Irun kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ayé le. Àṣàbí kì í fi èyí ṣeré rárá, ọ̀rá dúdú kéékèèké tó ń kó irun sí kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀.

Ọjọ́bọ tí ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù Àṣàbí níwájú ilé, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wo eré náà, kún bó ṣe máa ń kún. Hàjàrá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta ẹ̀wà ní Sábó, jókòó tì í. Ọ̀rẹ́ wọn ti pẹ́. Àṣàbí ló kọ́kọ́ dirun fún Hikmat, ọmọ Hàjàrá, nígbà tí irun ọmọ náà ò tíì tó mú dání. Òun náà ni yóò di ti yìgì rẹ̀, tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá ni Hàjàrá ti ń ṣépè fún àbúrò olóògbé inú eré, ó ní àbúrò yìí ni apààyàn. Àṣàbí á kàn mi orí. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè jókòó jẹ́ẹ́, àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.

Wọ́n wá fi hàn. Àṣàbí tó jẹ́ onídìrí inú eré dirun ìyàwó olóògbé tán, ó ṣa irun tó já, ó kó o fún un, ṣùgbọ́n ó ti di díẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó nà án gba ojú fèrèsé. Ọwọ́ kan gbà á, wọn ò fi ojú olọ́wọ́ hàn. Ó parí síbẹ̀.

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Àṣàbí. Hàjàrá dìde, ó wọ bàtà, ó lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì ni ojú ayé yí padà. Tíṣà Yéwándé, tó ń pariwo pé eré lásán ni, gbé ọ̀rá lé itan títí wọ́n fi dirun rẹ̀ tán, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa irun náà. Ìyá Lágúnjú gbé àpótí Àṣàbí dojú dé, ó wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ fa gèlè bojú, wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ di tiwọn ní Modákẹ́kẹ́.

Inú ń bí Àṣàbí, ẹ̀rù sì ń bà á. Yóò jókòó, yóò dìde, yóò gbá ibi tó ti gbá. Ọ̀rọ̀ irun Hikmat ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí Hàjàrá bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ó parí nìyẹn: wọ́n á ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá ń sá fún un, kò sì ní sẹ́ni tó máa gbé orí wá fún un mọ́. Ó múra láti lọ sí Sábó, ó padà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ló fẹ́ lọ sọ? Pé òun kì í ṣe olè irun?

Ọjọ́rú ni wọ́n dá fún irun Hikmat. Òwúrọ̀ kọjá, ọ̀sán kọjá. Wọ́n ti pe ìrun alásárì kí Hikmat tó wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Hàjàrá wí. Bẹ́ẹ̀ kò pe Àṣàbí ní ẹ̀yin rí! Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣàbí wọ eegun.

Ó di ṣùkú. Ó ń di, ó ń tú, Hàjàrá sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó tán, ó ṣa èyí tó wà lórí ooyà, ó ṣa ti èjìká Hikmat, ó tún gbọn etí aṣọ ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó na ọ̀rá sí Hàjàrá. Hàjàrá ò gbà á, ó ní kí Hikmat máa lọ sílé.

"Irun kọ́ ló ń dùn mí," ni Hàjàrá wí. "Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣépè fún aláìṣẹ̀, o jókòó tì mí, ò ń wò mí níran. O mọ̀."

Àṣàbí ní òun ti ṣèlérí fún Adébíyìí ni.

"Bá mi ju irun ọmọ mi nù níbi tó bá wù ẹ́. Mo fi orí ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ ò wá lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ lọ́wọ́ mi?"

Àṣàbí wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó fa kọ́tìnnì, ó fẹnu sún mọ́ etí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sọ olọ́wọ́ ojú fèrèsé fún un. Hàjàrá lanu. Ó re ilé rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn Àṣàbí wá ń já. Ta ni kò mọ ẹnu Hàjàrá? Bí Sábó bá fi lè gbọ́, gbogbo Ifẹ̀ ti gbọ́ nìyẹn, iṣẹ́ Adébíyìí bàjẹ́.

Ọjọ́bọ pé, ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń jiyàn nípa ẹni tó ni ọwọ́ náà. Hàjàrá wà ní ibi tó máa ń jókòó sí, ó ń fi tìkanra-tìkanra ṣépè fún àbúrò olóògbé. Fèrèsé ṣí. Olọ́wọ́ yíjú: ìyá tó bí ìyàwó náà gan-an ni.

Igbe sọ. Ti Hàjàrá ló ga jù. Ó káwọ́ lérí, ó ní òun ò rò ó débẹ̀ rí, ó wá gbá Àṣàbí nítan, ó ní ìkà gbáà ni, ó mọ̀, kò sì sọ fún òun.