Ilé Ọmọ Tí Ẹ̀rọ Rí Lára Mi

Nígbàkígbà tí mo bá fi sípíríìtì nu apá aláìsàn kí n tó gún un lábẹ́rẹ́, òórùn yẹn máa ń gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbafo, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí páànù ń gbóná lórí wa. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù nínú ooru yẹn gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó ní kí ìyá mi di irin kékeré kan mú, pé ẹ̀rọ òun á rí gbogbo inú rẹ̀. Ó fi sípíríìtì nu irin náà bíi dókítà gidi. Olè!

"Mọ́mì, ara yín dá ṣáṣá. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Ẹ ṣáà máa ra tíì wa mu."

Èmi náà di irin náà mú. Ẹ̀rọ ní ilé ọmọ mi ti wú. Ọkùnrin sì ni mí! Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbá mi létí.

"Ṣé ìwọ lo mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ ni?"

Lónìí, nílé ìwòsàn tí a ti ń fi ẹ̀rọ wá jẹjẹrẹ, ṣúgà onítànṣán tí mò ń gún sára aláìsàn máa ń tú pọ́sítírọ́ọ̀nù jáde, ìyẹn ẹyọ tíńtín tó jẹ́ òdìkejì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Bí ìyẹn bá pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ara, àwọn méjèèjì á pa ara wọn rẹ́, ìtànṣán méjì á sá jáde, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ẹ̀rọ wa á gbá wọn mú, á fi mọ ibi tí jẹjẹrẹ ti ń jẹ ṣúgà ní àjẹkì. Irin ti oníkóòtù, ká fi gún súyà ló yẹ.

Jẹjẹrẹ ti wà lọ́mú ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títí ó sì fi kú ló ń mu tíì náà, tó ń gbàdúrà fún oníkóòtù.