Iṣẹ́ Yín Máa Dín Kù

Ẹ̀ẹ̀rùn èṣí kọ́, ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni. Owó epo ti fò sókè débi pé ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa fi ń rìn láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ dé ibi iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni a dá ọkọ̀ àwọn ará fásitì padà lẹ́nu géètì. Tí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè ẹni tó dá a padà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa mú yín wá. Kọ́mírédì Súnkànmí. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ mí. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lẹ ní kí n kọ bó ṣe lọ. Mo gbà, torí tí mi ò bá sọ ọ́, ẹlòmíì á sọ ọ́ fún yín bí ìtàn akọni, bẹ́ẹ̀ ojú ń tì mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ilé iṣẹ́ gàrí la ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Díkínì ló ni ín. Àwọn obìnrin kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwa ọkùnrin ń fi ẹ̀rọ rin ín, a ń fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, àwọn obìnrin yòókù á wá yan án nínú agbada ńlá lórí iná igi. Èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ. Mo ti wọ pólì rí, mo jáde kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, nítorí náà tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti délẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè. Àǹtí Mórẹ́nikẹ́, àbúrò màmá mi tó tọ́ mi dàgbà, ìdí agbada ni tiẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń yan gàrí, èéfín sì ti ń bá ojú rẹ̀ jà. Tó bá fẹ́ wò ọ́, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú, á wá máa ṣẹ́jú bí ẹni tó kọjú sí oòrùn.

Àwọn tó wá bá wa yìí, fásitì kan lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí bí ilé iṣẹ́ bíi tiwa ṣe lè gba ọ̀nà tuntun tí kò ní pa igbó run, tí kò sì ní pa òṣìṣẹ́. Wọ́n ti kan ààrò kan tó ń jó èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ dípò igi, tó ní páìpù gígùn tó ń gbé èéfín gba orí òrùlé jáde. Wọ́n fẹ́ gbé e wá fún wa ká máa lò ó, kí wọ́n sì máa wò bó ṣe ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì tó jókòó ti èèpo ẹ̀gẹ́ fà mí láṣọ. "Kọ́mírédì, kí ni wọ́n ń pè ní inofésàn?"

"Kí wọ́n fi irin rọ́pò èèyàn ni."

"Èkejì yẹn ńkọ́, sọ́sitenébù?"

"Ìyẹn ni pé irin náà ò ní tètè bàjẹ́."

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé mi ò mọ̀.

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn Dókítà, Tìmílẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọmọ Èkó tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó rí àwọn ayangàrí tí wọ́n ń nu ojú, àánú wọn ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má wọ́rì, mà. Tí ààrò yìí bá dé, iṣẹ́ yín máa dín kù."

Ọ̀bẹ dúró lórí ẹ̀gẹ́.

Ẹ má bá wa wí lórí ìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Kí ẹ̀rọ tí mò ń tọ́jú tó dé, ọwọ́ làwọn obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé, Díkínì pè wọ́n jọ, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, iṣẹ́ ti dín kù." Ilé ni wọ́n gbà lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán títí dòní. Torí náà nígbà tí ọmọ Èkó yẹn la ẹnu, ohùn Díkínì la gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe mítìnì sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ kí n sọ̀rọ̀ rí, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́: mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní wọ́n ti fi irin gba ọwọ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n tún fẹ́ fi irin gba agbada. Àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ mi. Àárín ariwo yẹn ni Àǹtí mi nawọ́ sókè.

"Súnkànmí, dúró ná. Iṣẹ́ wo lọmọ yẹn ní ó máa dín kù?"

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ọ̀tá wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń béèrè oríkì rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí ò jókòó. "Mo kàn ní ká pe ọmọ náà, ká bi í ni. Torí èmi, ojú mi..."

Mo dá orin sílẹ̀. Gbogbo wọn gbè é, àtẹ́wọ́ gba inú rẹ̀. Mo rí ètè Àǹtí tó ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tí orin máa fi parí, ó ti jókòó, ó ti fi etí aṣọ bo ojú. Mo rò pé omi ojú tó máa ń dà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé ààrò dé, gbogbo wa ti wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ewé tútù lọ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀ síwájú táyà. Dókítà sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe fún yín?"

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe," mo dá a lóhùn láti ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, arákùnrin. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ká ní mo sọ ọ́ ni. Ká ní mo kàn sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn fún un bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn, mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń dúró de ohun tí màá ṣe, mo sì pariwo pé iṣẹ́ wa ò ní dín kù. Wọ́n gbè é lẹ́yìn mi. Tìmílẹ́yìn sáré síwájú, ó ní, "Rárá, rárá, ohun tí mo ní lọ́kàn..." Ẹnì kan ju ẹ̀kúnwọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ lù ú láyà. Ó padà sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ yí padà, ó kọrí sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n gbé mi léjìká. Díkínì tó ti dúró sí fàráńdà láti àárọ̀ tí kò sọ nǹkan kan ní kí wọ́n gbé mínírà wá fún wa, tútù nini. Ó yẹ kí mínírà yẹn kọ mí lóminú. Ibo ni wọ́n ti ń ṣe é, tí ọ̀gá ń ra mínírà fún àwọn tó da iṣẹ́ rẹ̀ rú? Mo mu tèmi, mo mu ti Àǹtí mọ́ ọn, torí ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun.

Òjò ọdún náà ò tíì dá nígbà tí gàrí kan bẹ̀rẹ̀ sí í dé Akẹ̀sán láti Ìrẹsà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó funfun, kò ní òórùn èéfín. Àwọn oníbàárà wa á bu tiwa sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á dà á padà sínú àpò. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Kọ́mírédì, gàrí la fẹ́ rà, a ò fẹ́ ra ààrò." Láìpẹ́ Díkínì pe àwọn obìnrin jọ. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá Ìbejì wà lára àwọn tó lọ. Wọn ò lé èmi, torí ẹ̀rọ. Mo ní ká tún lọ dí géètì. Kò sẹ́ni tó dìde.

Àǹtí mi ṣẹ́ kù nídìí agbada, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé kó fi èéfín sílẹ̀ kí ojú tó fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó máa bọ̀ ní Ìrẹsà, pé àwọn ṣì ń wá ayangàrí. Èmi ni mo gbé ẹrù rẹ̀. A wọ mọ́tò dé Ògbómọ̀ṣọ́, a gun ọ̀kadà wọlé.

Ọ̀nà jíjìn ni mo ti rí páìpù náà lórí òrùlé. Nígbà tí a wọlé, obìnrin ń yan gàrí lọ́tùn-ún lósì, ó sì ṣeé ṣe láti rí ògiri òdìkejì. Àǹtí dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kàn ń mí. Ìyá Àdùkẹ́, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, wá pàdé wa.

"Ẹ kú ọ̀nà o. Ará Ọ̀yọ́ ni yín? Ẹ̀yin lẹ fún wa ní ààrò yìí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ̀ ọ́ tó fi kàn wá. Ọlọ́run á san án fún yín."

Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Tọkàntọkàn ló fi ń ṣàdúrà náà. Mo wá ibi tí màá gbójú sí, mi ò rí.

"Mà," mo ní, "wọn ò sọ fún yín pé iṣẹ́ yín máa dín kù ni?"

"Wọ́n sọ ọ́ kẹ̀. Ọmọ Èkó yẹn. Mo bi í pé, 'Iṣẹ́ wo, èyí tí à ń ṣe àbí èyí tí à ń jẹun nínú ẹ̀?' Ó ní èyí tí à ń ṣe. Mo ní kí Dókítà wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ó sọ ọ́. Ó ní ọ̀gá tó bá gba ààrò yìí ò gbọdọ̀ lé ẹnì kankan, pé ohun tí òun kọ́kọ́ bá ọ̀gá tiyín sọ náà nìyẹn. Ṣé kò sọ fún yín ni?"

Mínírà ọjọ́ yẹn tún padà wá sí mi lẹ́nu, ó korò.

Àǹtí mi ò wò mí. Ó ń wo iná. Ó ní, jẹ́jẹ́, "Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyẹn."

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ wọ̀n ọ́n wò fúnra yín. A jèrè ọkọ̀ kan tó yí padà, mo sì jèrè orúkọ. A pàdánù iṣẹ́ tí a ní à ń dáàbò bò. Ẹ̀rù tó bà wá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, ẹni tó bá fi wá ṣẹ̀sín ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Díkínì lé àwọn ìyá wa. Ṣùgbọ́n abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹnì kan sì fẹ́ béèrè, èmi ni mo fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dí géètì lọ́la, ẹ pè mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dí jù mí lọ. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé tí ẹ bá rí obìnrin kan tó nawọ́ sókè láàárín ariwo, kí ẹ má dárin.

Mo lọ kí Àǹtí ní Ìrẹsà lóṣù tó kọjá. Omi ti gbẹ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ti lọ, èyí tó kù ò sì ríran jìnnà mọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbórí sókè lórí agbada.

"Ta nìyẹn? Súnkànmí ni? Sọ̀rọ̀, kí n fi ohùn mọ̀ ọ́."

Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mi ò rí ọ̀kan sọ.