Orin Bàbá Mi, Oríkì Agbaṣẹ́ṣe

Títí di òní, bí mo bá rí iná pupa lára ògiri yàrá, mo máa ń yí ojú kúrò. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló máa ń tàn nílé iṣẹ́ rédíò kan n'Ílọrin bí wọ́n bá ti ń gbé ohùn èèyàn sáfẹ́fẹ́. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, owó epo ti gbẹ, ìlú ti le, àwọn èèyàn ń sá bátìrì rédíò sóòrùn kó lè tún jí díẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọrin l'Ómù-Àrán, kò sí ilé iṣẹ́ awo-orin kankan lẹ́yìn wa; àwa fúnra wa là ń gba orin wa sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, tí a ń fi máṣìnì gbé e kiri láti Àrándùn títí dé Òmùpo. Mo ṣe jẹ́rì-kọ́ọ̀lù sórí, òróró rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn, mo sì ń wọ awò dúdú kódà nínú ilé. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀yin náà ní fọ́tò tí ẹ kì í jẹ́ kí ọmọ yín rí.

Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ̀yìn tì ní Èsìẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ náà ló sì fẹ́ kí n ṣe. Lójú rẹ̀, ẹni tó gbé gìtá kọ́rùn ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà di aláìníláárí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ṣèlérí pé àwọn yóò gbé wa sáfẹ́fẹ́ ní tààràtà fún ìdajì wákàtí lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní orin kan. Ìyá rẹ̀ ló ṣe orin ọ̀hún fún un nígbà tó ń pọ̀n ọ́n lọ sóko ẹ̀pà, oríkì bàbá mi ló sì ń parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Nílé wa, orin tí wọ́n bá fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ti ọmọ yẹn ni títí ayé. A kì í fi í ki ẹlòmíì. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi rò ó.

“Gbé e lọ,” ló wí. “Bí mo bá gbọ́ ọ lórí rédíò tó dán lẹ́nu rẹ, n ó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́.”

Olóòtú ètò náà, ọkùnrin kan tó ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí otútù mú, gbọ́ wa nígbà tí a ń dán orin náà wò. Ó ní ó dáa, ó kù síbì kan. Ló bá lẹ bébà kan mọ́ ọ̀pá máìkì iwájú mi. Oríkì agbaṣẹ́ṣe kan ló wà níbẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ ọ̀nà kan lágbègbè wa, tó da ọ̀dà sí i dé ìdajì, tó wá sá lọ kọ́ ilé alájà mẹ́ta n'Ílọrin.

“Òun ló ra àkókò yìí. Oríkì tó wà níparí ẹsẹ yẹn, yọ ọ́, fi tiẹ̀ sí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, orin bàbá mi ni.”

“Bàbá tìẹ ló ra àkókò?”

Onílù wa, bíríkìlà kan tó jù mí lọ, gbé igi ìlù rẹ̀ sílẹ̀. “Àbúrò, jẹ́ ká máa lọ.”

Ó yẹ ká lọ. Kò sẹ́ni tó na ìbọn sí mi. Ṣùgbọ́n mo ń ro àwọn olólùfẹ́ wa tó jókòó ti rédíò láti Àjàṣẹ́ dé Òmùpo, mo sì rò, òpè tí mo jẹ́, pé ohùn mi nìkan ni bàbá mi fẹ́ gbọ́. Iná pupa tàn. Mo ka ohun tó wà lára bébà.

Ìyá mi ló sọ bó ṣe rí nílé fún mi. Bàbá mi ti pe àwọn aládùúgbò wá sí pálọ̀. Bí gìtá ti bẹ̀rẹ̀, ó dìde, òun tí kì í jó, ó ń mi orí, ó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé, “Orin ìyá mi nìyẹn.” Nígbà tí ẹsẹ kìíní fẹ́ parí, ó la ẹnu láti bá mi gbè é. Oríkì agbaṣẹ́ṣe ló jáde. Orí ìdúró ló wà títí orin fi tán, tí àwọn aládùúgbò ń wo ilẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo dé Èsìẹ́.

“Mo gbọ́ ohùn rẹ,” ni bàbá mi wí. “Ó dán.”

“Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní dandan ni kí n…”

“Mi ò mọ̀ pé ìyá mi pọn agbaṣẹ́ṣe rí.” Kò rẹ́rìn-ín. “Máa kọrin rẹ lọ, mo ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ tilé yìí, má kọ ọ́ mọ́.”

Ohun tí mo fẹ́ ló fún mi yẹn, n kò sì tíì rí ẹ̀bùn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó kú láìyí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ẹ bi mí bóyá inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi. Agbaṣẹ́ṣe náà gba kásẹ́ẹ̀tì ètò ọjọ́ náà lọ sílé. Òun náà ti kú, ọ̀nà tó jẹ wá kò tíì rí ìdajì ọ̀dà tó kù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé orin náà sórí ayélujára lọ́dọọdún níbi ìrántí rẹ̀, wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ pé “orin ilé wa.”

Lóṣù tó kọjá, ìbínú mú mi rú òfin bàbá mi. Mo gbé fóònù síwájú nínú pálọ̀ rẹ̀, mo kọrin ní tààràtà sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò, láìsí olóòtú láàárín wa. Mo kọ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ ọ́, mo fi oríkì ẹni tó ni ín parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mọ́kànlélógún ló ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn kọ̀wé sísàlẹ̀ pé: “Bàbá, orin ilé agbaṣẹ́ṣe lẹ̀ ń jí kọ yẹn o. Ẹ ò bá ti gbàṣẹ.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ fèsì. Kí ni n bá kọ? Ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì wọn, ohùn mi ni. Mo fi èsì sílẹ̀, mo tún gbé gìtá, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní.