Ọjọ́ Tí Mo Bẹ Ọlọ́run Kí Afẹ́fẹ́ Má Fẹ́

Nígbà tí mo kéré débi pé ẹ̀yìn ìyá mi ṣì gbà mí, etí ọ̀sà ní Àbíjàn ni ilé wa wà, kì í ṣe Èjìgbò tí ẹ bá mi sí yìí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Faransé ni mo kọ́kọ́ fi bú èèyàn! Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń ta abọ́.

Àwọn òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi. Lọ́dọọdún, wọn a kó àwọn ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ wọn jáde, wọn a fi wọ́n díje. Ọkọ̀ onígi ni, òmíràn dàgbà ju bàbá mi lọ, ẹ́ńjìnnì ò sì gbọdọ̀ dún nínú ọ̀kankan. Aṣọ gbàgàdà ni wọ́n ń ta sókè, afẹ́fẹ́ a sì máa tì wọ́n lọ. Èmi a jókòó sórí iyanrìn, màá máa wò wọ́n títí ojú mi á fi fẹ́ pa dé. Funfun lórí omi, funfun nínú omi. Ṣebí ẹ mọ bí òwú ṣe ń là lóko Ìsúndúnrin? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá bàbá mi wá láti ilé. Wọ́n ní àwọn á mú mi lọ sí Èjìgbò, kí n lọ ké kéwú, kí n sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá bí sí àjò nìyẹn. Ta ni yóò bá ìyá àgbà jiyàn? "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ni wọ́n wí, ọ̀rọ̀ parí.

Ọjọ́ ìdíje gan-an ni mọ́tò wa máa lọ. Awakọ̀, ọmọ Èjìgbò bíi tiwa, ní tí òun bá ti kírun Aláásàrí, òun ò dúró de ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ló máa mú wa dé gáréèjì, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá òyìnbó kan lẹ ìgbòkun ńlá tó ya. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò létí omi títí ọkọ̀ náà á fi dé, kí ibi tí àwọn rán má lọ tú, kó dójú ti àwọn.

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti là fún mi? Mo di ojú, mo ní: Yá Allah, má jẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́. Bí ọkọ̀ ò bá dé, mọ́tò á fi wá sílẹ̀, màá sì dúró ti ìyá mi.

Háà! Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Gbogbo ìgbòkun rọ̀ wálẹ̀. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọkọ̀ dúró sójú kan, ó wá dà bíi pé ayé ti sùn lọ, tó ku àwa nìkan lójúfò. Ìyá àgbà ń ka tẹ̀sùbáà, bàbá mi ń rìn lọ rìn bọ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Mo gbójú sókè, mo rí i tí ètè wọn ń mì.

"Màámi, kí lẹ ń tọrọ?"

Wọ́n tẹ̀ sí etí mi. "Ohun tí ìwọ náà ń tọrọ ni. Pa ẹnu ẹ dé."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni etí gèlè ìyá àgbà mì. Lẹ́yìn náà, àwọn aṣọ orí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀, ibi tí bàbá mi rán ò tú, àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Aláásàrí ṣì ku díẹ̀. Ìyá mi jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Mo sunkún títí a fi kọjá Kútọnu. Kí n má puró, ìyá àgbà tọ́jú mi, Èjìgbò sì di ilé mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyá mi fi máa rọ́nà wá sílé, mo ti di ọmọge. Obìnrin kan gbé ẹrù wọlé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ta lẹ ń bèèrè?" Ìyá mi jókòó sórí ẹrù wọn.

Ayé ti yí padà o. Ẹ̀yin náà lẹ ń bá mi pe àbúrò yín tó wà ní Àbíjàn lórí fóònù lójoojúmọ́. Ó mọ iye eyín tó kù lẹ́nu mi, a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Nígbà tí wọ́n mú un wá sílé ní Iléyá tó kọjá, kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tán tó fi ké "Màmá àgbà!" tó sì fò mọ́ mi. Ẹ rò pé ayọ̀ ló pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ni mo ń sunkún fún.