Ọ̀rẹ́ Mi Tí Kò Ṣe Àmín Mọ́

Ojú mi kòrókòró ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi ni mo sì fi gbọ́ èyí tí ojú kò lè rí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó fún mi. Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí pé àwọn kan wà ní Peckham níbí, nílùú London, tí wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n ní èéfín ọkọ̀ ló ti wọ̀ mí lọ́pọlọ. Ìwé mẹ́ta ni mo kà mọ, mi ò sì tijú rẹ̀. Àwọn tó kàwé títí tí irun fi tán lórí wọn ló ń ti ọkọ̀ wọn wá bá mi. Kí ọkọ̀ tó kọjá iná ojú pópó ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Tí etí mi bá sọ pé béárìn táyà òsì ló ń ké, ẹ má wulẹ̀ yẹ ti ọ̀tún wò. Irú etí bẹ́ẹ̀ kì í gbọ́ ohun tí kò sí.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà lábẹ́ afárá tí rélùwéè ń gbà kọjá, ihò gígùn kan tí wọ́n fi bíríkì kọ́. Tí rélùwéè bá ń lọ lókè, àwọn sípánà tí a fi kọ́ ara ògiri á máa kan ara wọn jẹ́jẹ́, bí eyín ẹni tí òtútù mú. Ìparí ihò náà ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Omi ń kán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò, a ò sì rí ibi tó ti ń wá. Àwa méjì la jọ gba ibẹ̀: èmi, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tó mọ iná ọkọ̀ tó o ní gbogbo àdúgbò wa.

Mùsùlùmí ni mí. Òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Pásítọ̀. Òun náà ń pè mí ní Àlàájì, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà. Ẹ̀sìn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa lọ́jọ́ kan. Láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan irinṣẹ́, èmi tí mo fi oṣù díẹ̀ jù ú lọ á gbàdúrà: jáàkì ò ní yẹ̀ lórí wa, a ò ní fi ọwọ́ wa tún ọkọ̀ tó máa pa ẹni tó ni ín. Òun á máa ṣe Àmín. Ohùn akọrin ni, ó nípọn, gbogbo ihò náà á kún.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àdúrà kan borí gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo lóyún. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú, ìyá rẹ̀ ò sì sùn dáadáa mọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kádìí àdúrà láràárọ̀ ni pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, lágbára Ọlọ́run.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Àmín jẹ́ láàárín wa. Ẹni tó ń gbàdúrà, ó na nǹkan síta ni. Ẹni tó ṣe Àmín ló gbà á. Ọmọ kékeré pàápàá, tí kò bá ṣe é, ìyá rẹ̀ á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, mo gbàdúrà tán, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wẹ̀yìn. Ó dúró síbẹ̀, ó kó ọwọ́ sápò, ó ń dúró kí n parí bí èèyàn ṣe ń dúró kí rélùwéè kọjá.

"Pásítọ̀, ṣé ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá. Mi ò ṣe é mọ́ ni, Àlàájì. Má sì pè mí ní Pásítọ̀ mọ́, jọ̀ọ́."

"Kí lo ò ṣe mọ́?"

"Gbogbo ẹ̀. Mi ò gbà pé ẹnì kankan ń gbọ́."

Mo bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, àbí ẹnì kan kú nílé tí kò sọ fún mi. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó ní òun kúnlẹ̀ ní yàrá òun bí òun ṣe máa ń ṣe, àárín àdúrà ni òun wá gbọ́ pé ohùn òun nìkan ló wà nínú yàrá náà, àti pé bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti kékeré òun. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé bátìrì ti kú.

Èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tí inú ń bí sí Ọlọ́run, mo mọ bí mo ṣe lè bá a sọ̀rọ̀, nítorí èèyàn kì í bínú sí ẹni tí kò sí. Mo sọ fún un pé inú ló ń bí i, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. O ò kàn tíì mọ̀ ni."

Èmi tí mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí jáàkì rẹ̀ ń mì, ẹ̀rù. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fi ìbínú tí kò ní wọ̀ ọ́ láṣọ, òun náà fi ẹ̀rù wọ̀ mí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

Mo gbàdúrà bí ìṣe mi, òun dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀ tuntun, àyè wá ṣí sílẹ̀ níbi tí Àmín rẹ̀ máa ń wà. Nínú àyè yẹn, láti ìparí ihò níbi tí omi ti ń kán, ẹnì kan ṣe Àmín. Kò pariwo. Ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ti ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣe é, tó wá rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é.

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ síbẹ̀. Táyà àtijọ́, garawa, ògiri.

"O gbọ́ yẹn?"

"Ohùn ẹ ni," ọ̀rẹ́ mi wí. "Inú ihò la wà, ohùn á máa padà wá. Tẹ́lẹ̀, ohùn tèmi ló ń bò ó mọ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ìgbà tí mò ń jẹun ọ̀sán ló tó sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí èèyàn bá sọ ni ihò ń dá padà. Èmi ò sì ṣe Àmín. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu mi ni "lágbára Ọlọ́run."

Mo sọ fún un. Ó ní mo ń ṣe é, pé ó ti mọ́ ẹnu mi lára tí mi ò fi mọ̀. Mo ní ó ń pè mí ní òpùrọ́. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, kí a kúkú dán an wò.

A pa rédíò. A pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. A fa ilẹ̀kùn irin sílẹ̀, a dúró kí rélùwéè tó ń bọ̀ kọjá tán. Ó dúró níwájú mi, ó ní tí n bá ti dé òpin, òun á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Mo gbàdúrà. Ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu mi, ó ń rùn gírísì. A ń retí.

Ó dé. Ó sún mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bíi pé ẹni náà ti kọjá àwọn táyà. Orí mi wú. Àwọn sípánà ara ògiri mì, bẹ́ẹ̀ ojú irin òkè dákẹ́. Ọwọ́ tó wà lẹ́nu mi tutù, láti orí ìka wá sí àtẹ́lẹwọ́, mo mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń tutù.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa. Ó dá mi lójú nígbà náà pé ó gbọ́. Ó dá òun lójú pé mo fẹ́ gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́. Àwa méjì dúró sójú kan náà, kálukú gbà pé èkejì ló di etí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí kọ́ ló gbà mí lóorun. Ẹni tó ṣe Àmín ló gba àdúrà. Ta ló wá ń gba ti ọmọ mi láràárọ̀ nínú òkùnkùn yẹn?

Nígbà tí ìkúnlẹ̀ ọmọ mi kù díẹ̀, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi. Èmi tí mi ò kì í bẹ èèyàn.

"Àmín kan péré. Tètè ṣe é kí ti ẹ̀yìn yẹn tó ṣe é."

"Àlàájì, ọmọ mi ni ọmọ yẹn. Mi ò ní purọ́ lé e lórí."

"Kí ló máa ná ọ? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

"Tí kò bá náni ní nǹkan kan, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà. "Mo ti pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Mo ti yẹ bíréèkì wò. Fóònù mi ò ní kú. Tó bá pè mí, màá ti gbé e dé ọsibítù kí ìwọ tó wọ bàtà tán."

"Mi ò bi ọ́ léèrè bátìrì."

"Bátìrì ni èmi ní."

Mo rò pé ohun tó ní lọ́wọ́ ló ń fi dù mí. Òun rò pé ohun tí òun ò ní ni mò ń fipá gbà. Mo ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó máa lọ. Ó kó o. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ọmọ náà ṣáà pe òun tó bá di dandan. Mi ò jíṣẹ́ yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi nìkan gbàdúrà. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Mo dúró. Mo fi gbogbo etí tí Ọlọ́run fún mi gbọ́. Ògiri ò sọ nǹkan kan. Omi kán sínú garawa, ó tún kán. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun gbọ́ ní yàrá òun, mo gbọ́ ọ: ohùn mi nìkan. Mo ṣe Àmín fúnra mi. Ó kéré nínú ihò náà, mi ò sì jẹ́ kó dákẹ́ síbẹ̀, mo tún un ṣe, mo sì ń ṣe é títí di òní.

Ọmọ mi bímọ. Yìnyín bo gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ náà, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ sì gbéra, ojú mi ló ṣe. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Mo ní Ọlọ́run ni, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi fúnra rẹ̀ pe ọ̀rẹ́ mi fún ìsọmọlórúkọ.

"Uncle, ẹ máa wá, àbí?"

Ó ní rárá, òun ò fẹ́ wá dúró láàárín àwọn tó ń ṣe Àmín kí ìdákẹ́ òun má baà ba ọmọ lójú jẹ́. Ọmọ mi sọkún lórí fóònù, lẹ́yìn náà ó wá bi mí léèrè ohun tí mo ṣe fún ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo wà nínú ògiri.

Ìyá wà, ọmọ wà. Ohun tó sọnù nìyí: ọ̀rẹ́ kan, ìdajì àwọn oníbàárà wa, tí wọ́n bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ̀ ní Walworth, ọmọbìnrin kan, tí kò gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí, Àmín méjì, ti ọ̀rẹ́ mi àti ti inú ògiri.