Ìgbéga Ọkọ Ará Òdìkejì

Obìnrin ará Ṣáínà tó ń gbé ní òdìkejì títì wa ní Wylie, lẹ́bàá Dallas l'Amẹ́ríkà, kò ṣẹ̀ mí rí. Mo kàn ń jowú rẹ̀ ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi wà nínú ilé tí a háyà. Òun àti ọmọ tirẹ̀ wà nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti san owó rẹ̀ tán. Ọkọ tèmi wà n'Íbàdàn, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkọ tirẹ̀ náà wà nílé wọn lọ́hùn-ún, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ibi tí a ti jọra mọ nìyẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, olórí àgbègbè kékeré kan lọkọ rẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n fi í ṣe olórí ìlú. Nígbà tó yá, ó di igbákejì gómìnà ní ìpínlẹ̀ wọn. Bí ìgbéga kan bá ti dé, ìyàwó á fi ìyẹ̀fun di ẹran, á sè é, á gbé abọ́ kan wá fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Láìpẹ́, nǹkan tuntun á yọ lójúlé rẹ̀: ọkọ̀ funfun ni o, odò ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé ni o. Mo máa ń jẹ oúnjẹ náà tán, inú á sì máa bí mi.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ ni ọkọ mi wà. Àga tó jókòó lé nígbà tó fẹ́ mi ló ṣì jókòó lé. Bó bá ti pè ní Sọ́ńdè, mo dé nìyẹn.

"Dádì, ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ yín ń ṣe fún ìyàwó rẹ̀! Ṣé ẹ̀yin nìkan ni Ọlọ́run ní kó máa ṣòótọ́ ni?"

"Mummy, leave Daddy alone," ọmọ mi á wí látinú yàrá.

Ọkọ mi á kàn ní bátìrì fóònù òun ti fẹ́ kú.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin náà kan ilẹ̀kùn mi láìgbé abọ́ dání. Wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìwádìí owó tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kó fún un, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n tì í mọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo bá a sunkún. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, a ti dọ́gba. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pátákó ti wà níwájú ilé rẹ̀ pé títà ni.

Ní Sọ́ńdè yẹn, mo ń retí ìpè ọkọ mi kí n lè ròyìn fún un. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń ta sókè.

"Ìyá ọmọ mi, àwọn agbaṣẹ́ṣe kan wá kí mi lọ́fíìsì. Mo ti buwọ́ lu ìwé wọn. Lọ wo ilé tó bá wù ẹ́ níbẹ̀ yẹn, má wo iye."

Mo wo pátákó yẹn lójú fèrèsé. Mo ti mọ ibi tí màá gbé àga mi sí.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Mo ní mò ń gbọ́. Títí di òní, mi ò tíì sọ fún un pé wọ́n mú ọkùnrin yẹn.